Ọgọ́fà Agboòrùn ní Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Bí ènìyàn bá fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ń gbé, kí àwọn tí wọ́n bá fẹ́ wá bá a wí má baà ṣìnà. Nítorí náà mo ń fi yé ẹ̀yin òǹkàwé mi pé Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n, ni mo fi ṣe ibùgbé, àti pé àdúgbò tí mo wà níbẹ̀ ni àwọn onílùú ń pè ní Derrière la Prison, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa kò ju Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹ̀wọ̀n lọ. Orúkọ yìí ni ó kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo tẹ ìyá mi láago ní Tedé, ní Òkè-Ògùn, mo ní, “Màmá, mo ti dé o, ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo wà”. Ẹ̀rọ náà ń gé ọ̀rọ̀ mi jẹ bí ewúrẹ́ ti í gé ewé, ohun tí ó sì dé etí ìyá mi ni pé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti ránṣẹ́ láti béèrè ohun tí mo jí. Èmi kò jí nǹkan kan nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jalè: mo jí iṣẹ́ Olódùmarè, mo sọ ara mi di ẹni tí ń sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àrùn náà ti wọ̀ mí lára. Bàbá mi, àgbẹ̀ paraku tí ó ti lọ bá àwọn àgbà, ni ẹni tí gbogbo agboolé wa máa ń tọ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú láti béèrè bí ọ̀sẹ̀ yóò ti rí. Tedé kì í ṣe ìlú ńlá. Bí asọ̀rọ̀mágbèsì bá ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, tí ó bá ti dárúkọ Ìbàdàn tán, a fò lọ sí Ìlọrin, bí ẹni pé òjò kì í rọ̀ sí orí ẹlòmíràn. Nígbà náà ni bàbá mi a jáde sí ojúde, a káwọ́ sẹ́yìn, a gbé àgbọ̀n sókè, a fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀mẹta; a wò bóyá àwọn èèrà ń kó ẹyin wọn lọ sí ibi gíga, a tẹ́tí sí ohùn kọ̀ǹkọ̀ lákùrọ̀, a béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá iyọ̀ inú igbá ti ń rin; lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ pé, “Ẹ gbin àgbàdo yín ní Ọjọ́rú.” Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ í ṣẹ, ìgbà tí kò bá sì ṣẹ, àwọn àgbẹ̀ a ní ayé ló dí òjò lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí ó fún ọkùnrin yìí ní iyì, ìkáwọ́-sẹ́yìn àti ìgbé-àgbọ̀n-sókè nìkan ni èmi jogún. Èèrà kò bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Ìparí oṣù Òkùdu ni mo wọ Libreville, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta abọ́ tánganran àti ìkòkò ní ọjà Mont-Bouët. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà, ògiri pákó kan ni ó sì wà láàárín èmi àti Ìyá Kétu, obìnrin Nàgó láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ń bó ẹ̀gẹ́ tí ó sì ń sá a láti fi ṣe láfún, ẹni tí ó gbọ́ Faransé bí omi tí í ṣàn, tí ó sì ń sọ Yorùbá Kétu tí ó dùn mọ́ mi létí bí orin. Ìyá tí ó bí obìnrin yìí wà lára àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tí ìjọba Gàbọ̀n lé padà sílé ní ọdún 1978, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì ń bára wọn jà, tí àwọn mẹ̀kúnnù sì ń jìyà rẹ̀. Ìyá Kétu sì máa ń sọ pé láti ọjọ́ náà, ìdílé àwọn kò gba ìròyìn asọ̀rọ̀mágbèsì kankan gbọ́ mọ́ àfi bí àwọn bá jáde síta lọ fi ojú ara àwọn wò ó. Ì bá dára tí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Nígbà tí oṣù Agẹmọ dé, ojú ọ̀run ṣú. Kì í ṣe ṣíṣú yẹpẹrẹ. Ó ṣú ní òwúrọ̀, ó ṣú ní ọ̀sán, ó ṣú títí oòrùn fi wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ibi tí ó gbà wọ̀. Atẹ́gùn tútù ń ti orí òkun wá, àwọn onílùú ń wọ súwẹ́tà, àwọn ọmọdé ń gbọ̀n lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ní Tedé, bí ojú ọ̀run bá dúdú bí ìdí ìkòkò báyìí fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè jẹ iṣu kan, adìyẹ a ti wọlé, àgbẹ̀ a ti ju ọkọ́ sí èjìká, àwọn obìnrin a máa sáré ká aṣọ. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn obìnrin ń sá aṣọ síta, wọ́n ń fi ọwọ́ na ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wò wọ́n, àánú wọn ṣe mí. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó pa òwe yẹn ti rí mi kí wọ́n tó bí mi.

Ohun tí ó wá parí ọ̀rọ̀ náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ìkòkò ni mo ń tà, àti pé ọ̀rọ̀ Faransé àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni couvercle, èyí tí í ṣe ọmọrí ìkòkò, nítorí pé lórí ọmọrí ni àwọn oníbàárà fi ń bá mi jà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí ẹni tí ń ka ojú ọjọ́ ń sọ pé ciel couvert, mo tún gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì, mo tún gbọ́ ọ ní ọjọ́ kẹta. Mo ní, ó yé mi: ìjọba ní kí a fi ọmọrí dé nǹkan wa, kí a bo ọjà wa. Ó sì jẹ́ pé ohun tí ọkùnrin náà ń sọ kò ju pé awọ̀sánmà bo ojú ọ̀run lọ, ohun tí afọ́jú pàápàá lè fi ara mọ̀. Mo dìde ní àárín Mont-Bouët, mo káwọ́ sẹ́yìn, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo kéde fún gbogbo Nàgó àti gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìlà wa pé òjò ń bọ̀ kí aago mẹ́ta tó lù. Àwọn aláṣọ bo àǹkárá wọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú tapólì. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi bò ó, tí àwọn oníbàárà ń kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá aláṣọ kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ilé aláṣọ tó wà níwájú ni ó ń san owó fún mi.

Bí mo bá ti dúró níbẹ̀, ìtìjú nìkan ni ì bá jẹ́ èrè mi. Ṣùgbọ́n owó àjọ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní oṣù yẹn gan-an, owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún ìwé ìgbélùú mi. Èṣù sì tì mí lọ sọ́dọ̀ olówó ọjà kan tí ń ta agboòrùn ní dọ́sìnnì dọ́sìnnì. Inú ọkùnrin náà dùn jù nígbà tí ó rí mi, èyí tí ó yẹ kí ó ta mí lólobó; ó dín owó kù kí n tó bẹ̀ ẹ́, ó tún bá mi gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Dọ́sìnnì mẹ́wàá ni mo rà, ìyẹn ọgọ́fà agboòrùn, 1,500 sẹ̀fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tò wọ́n sí yàrá mi láti ilẹ̀ dé àjà, mo fi ìwọ̀nba àyè tí ó kù sùn, èmi náà sì ń nà gbọọrọ bí agboòrùn kọkànlélọ́gọ́fà.

Nígbà náà ni mo wá ronú sí orúkọ tí àwọn baba wa sọ nǹkan yìí. Agboòrùn ni wọ́n pè é, ohun tí ń gba oòrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ni a sábà máa ń fi í gbà. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ méjì kí ebi má baà pa ẹni tí ń tà á. Nínú gbogbo ayé tí Olódùmarè dá, mo lọ wá ìlú kan àti oṣù kan tí kò ti sí oòrùn tí yóò gbà, tí kò sì sí òjò tí yóò lé! Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Agẹmọ títí di ìparí rẹ̀, ohun tí ó bọ́ láti ojú ọ̀run sí ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n kò ju ìrì díẹ̀ tí kò lè mú ẹ̀fọ́ yọ̀ lọ.

Mo tún fún ìrètí ní àyè kan sí i. Ọjọ́ 17 oṣù Ògún ni ọjọ́ òmìnira Gàbọ̀n, láti ọdún 1960, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun àti àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń yan fanda lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì máa ń dúró wò wọ́n. Mo ru ogójì agboòrùn lọ síbẹ̀. Ojú ọ̀run dúdú dé ibi tí mo fi ń kọrin ọpẹ́ lábẹ́ ahọ́n. Àwọn olóyè jókòó, orin orílẹ̀-èdè dún, ìlù ń ró, mo sì ń rìn láàárín èrò pẹ̀lú agboòrùn ṣíṣí kan lókè orí mi gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọjà, títí ọlọ́pàá kan fi wá sọ fún mi pé mo ń dí àwọn ènìyàn lójú. Ọmọdé kan bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan nípa mi. Ìyá náà fa ọmọ mọ́ra. Ẹyọ kan ni mo tà. Òyìnbó arìnrìn-àjò kan ni ó rà á, ó sì jọ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ẹni tí ó ṣí mi lójú ni bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ bíbí ilẹ̀ Gàbọ̀n, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mẹ́tìrì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó yọjú sí yàrá mi, ó ní, “Mbolo,” ó rí agboòrùn láti ilẹ̀ dé àjà, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ó bá òkú nílé. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Kétu kí ó wá ṣe ògbufọ̀. Ó mú ọsàn kan jáde láti inú àpò, ó fi bírò fa ìlà yí ìbàdí rẹ̀ po, ó sì tan iná fìtílà. Ó ní ìlà yìí ni ó pín ayé sí méjì, àárín Gàbọ̀n ni ó sì gbà kọjá. Libreville kò fi àádọ́ta kìlómítà jìnnà sí i. Òjò a máa tẹ̀lé oòrùn kiri bí ìránṣẹ́ ti í tẹ̀lé ọba: bí oòrùn bá gòkè lọ sí àríwá láàárín ọdún, ọ̀já òjò a bá a gòkè, bí ó bá ń padà sí gúúsù, a tún bá a sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò í kọjá lórí Libreville lọ́dún, ẹ̀ẹ̀rùn méjì sì ni ó wà láàárín wọn, ńlá kan láti oṣù Òkùdu títí dé àárín oṣù Owéwe, àti kékeré kan ní nǹkan bí ìgbà Kérésìmesì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńlá, atẹ́gùn tí ń gba orí omi òkun tútù gúúsù kọjá a máa tẹ́ awọ̀sánmà pẹrẹsẹ bí ẹní, ṣùgbọ́n ẹní náà kò nípọn tó láti di òjò. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn onílùú fi ń ṣe ìgbéyàwó tí wọ́n sì ń bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, nítorí pé ó dá wọn lójú pé òjò kò ní í ba ayẹyẹ jẹ́. Kí n má sì rò pé ìlú gbígbẹ ni mo wá, òjò tí ó ń rọ̀ sí Libreville lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta bí a bá gbè é jọ, iye tí ó ju ìlọ́po méjì ti Òkè-Ògùn lọ.

Mo béèrè pé, “Mẹ́tìrì, òjò tí mo ń dúró dè láti ọjọ́ yìí ńkọ́, ibo ni ó wà?” Bàbá náà fi ìka tọ́ ara ọsàn náà, lókè ìlà díẹ̀, ó ní, “Ó wà ní ilé yín.” Òótọ́ ni, nígbà tí mo tẹ ìyá mi láago lálẹ́ ọjọ́ náà, kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ nítorí ariwo òjò lórí páànù. Ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Mẹ́tìrì fi ìka ya ìlà wọ́gọwọ̀gọ lójú afẹ́fẹ́ láti ṣàpèjúwe mànàmáná, ó kọ́ mi pé éclair ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà ó gé ayé sí méjì, ó fún mi ní ìlàjì, a jọ mu ún. Ọsàn náà dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọsàn yìí, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀la ni yóò pa mí.

Ìmọ̀ yìí ì bá ti ṣe mí ní àǹfààní bí mo bá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtìjú bá ti mú kì í dúró gba ẹ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Owéwe ni mo kó gbogbo agboòrùn tí ó kù, mọ́kàndínlọ́gọ́fà, fún Alájì kan ará Málì, ní 1,000 sẹ̀fà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó rọra ka owó náà fún mi, ó sì gbàdúrà fún mi, àdúrà tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn èyí, bí mo ti ń ti Mont-Bouët bọ̀, òjò àkọ́rọ̀ dé, òjò olówó gọbọi, alágbára tí í gba ojú pópó láìbéèrè, ẹni tí kì í kan ilẹ̀kùn tí í gba òrùlé wọlé. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún ojú ọ̀nà di odò, odò náà sì ń gbé bàtà ẹni ẹlẹ́ni lọ. Mo sáré wọ abẹ́ ìsọ̀ Alájì. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ra ọ̀kan nínú agboòrùn mi padà ní 3,500 sẹ̀fà. Ó tún gbàdúrà fún mi.

Ẹ ó béèrè bí ó ti ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo èyí ẹnikẹ́ni tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Oṣù Ọ̀wàrà ni ó fà á. Àwọn baba wa tí wọ́n fún oṣù yẹn ní orúkọ kò dé Libreville rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibẹ̀, orúkọ kan náà ni wọn ì bá sọ ọ́. Ní ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé òjò yóò rọ̀, ní ojoojúmọ́ ni ó sì ń rọ̀. Èmi fúnra mi mọ̀ pé àkùkọ tí ó kọ kọ́ ni ó mú ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí ní “Bàbá Olójò”, tí ìyá aláṣọ náà pàápàá fún mi ní ìpápánu, mo dákẹ́, mo jẹ ìpápánu náà.

Báyìí ni òkìkí mi ṣe dé Ntoum. Ìlú kékeré ni Ntoum, nǹkan bí ogójì kìlómítà sí ìlà-oòrùn Libreville, níbi tí wọ́n ti ṣe sìmẹ́ǹtì rí, tí ọkọ̀ ojú irin tí ń ti Owendo lọ sí Franceville ń gbà kọjá, tí púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí a ń mu ní Libreville sì ti ń wá. Ìlú tí ó ń fún olú ìlú ní omi mu, ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù òjò rẹ̀. Níbẹ̀ ni Bàbá Ṣábẹ, àgbà láàárín àwọn Nàgó, ti parí ilé kan, tí ó sì fẹ́ ṣe ìṣílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Bélú. Bàbá náà pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, bí wọ́n bá ń ka ojú ọjọ́, Libreville ni wọ́n ń dárúkọ. Wọn kì í dárúkọ wa. Wò ó fún wa.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo rí Tedé, mo rí ojúde wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo rí bàbá mi pẹ̀lú àgbọ̀n rẹ̀ lókè. Mo ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ntoum yóò ní ojú ọjọ́ tirẹ̀.”

Mo já ewé kan nínú ìwé ìkọ̀wé, mo fi etí ti asọ̀rọ̀mágbèsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà fún ìlú Ntoum. Ọjọ́ Ajé, òjò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò. Ọjọ́rú, òjò tí kò le. Ọjọ́bọ̀, òjò. Ọjọ́ Ẹtì, òjò lálẹ́. Títí dé ibí, mo gbọ́ pluie, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ó kan ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin náà ní éclaircies. Ọkàn mi já. Bí éclair bá jẹ́ mànàmáná, éclaircies kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju gbogbo ìdílé mànàmáná, tìyá tọmọ. Ìgbà tí ó kan ọjọ́ Àìkú, ó ní orages, ọkàn mi sì padà sí àyè rẹ̀, nítorí pé mo rí ọsàn Mẹ́tìrì níwájú mi kedere: ojú ọ̀run yóò pọ́n rokoṣo bí ọsàn tí ó gbó, oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò tàn, gbogbo nǹkan yóò sì dùn. Ìyá Kétu wà nídìí ààrò rẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá jìnnà sí mi; ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá yọ mí. Ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè ọ̀nà nínú ilé bàbá rẹ̀? Mo fi ìwé náà rán awakọ̀ takisí kan sí Bàbá Ṣábẹ, mo sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: ẹ sún ìṣílé sí ọjọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn yọ ní Ntoum bí ìyàwó tuntun. Bàbá Ṣábẹ pè mí ní aago mẹ́wàá: “Ọmọ mi, mànàmáná dà?” Mo ní, “Bàbá, ó ń bọ̀.” Ó tún pè ní aago méjì, ó ní ata tí ìyàwó òun sá ti gbẹ, àti pé àgbò tí à bá ti pa ti jẹ gbogbo òdòdó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sí iwájú ilé. Mo ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, nítorí àrá.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo yá agbádá àdìrẹ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, aṣọ aláró tí ó dú bí òru, tí ọ̀rẹ́ mi sì kìlọ̀ fún mi pé kò tíì rí omi rí. Èmi, Ìyá Kétu àti Mẹ́tìrì wọ ọkọ̀ ní PK8, ojú ọjọ́ sì mọ́ rekete dé Ntoum. Àtíbàbà mẹ́ta ni wọ́n ta, àwọn Nàgó pé, àwọn onílùú pé, àwọn ọmọ Yorùbá pé; Bàbá Ṣábẹ fúnra rẹ̀ wọ léèsì funfun tí ó ń tàn bí ẹyin. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́ kí n lè gba ọpẹ́. Mo dìde, mo káwọ́ kan sẹ́yìn, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ojú ọ̀run—”

Wọ́n gbójú sókè. Àrá sán.

Ẹni eji rí ni eji ń pa, ó sì rí gbogbo wa. Ìjì gbé àtíbàbà àkọ́kọ́ lọ sórí ilé aládùúgbò, ó gbé èkejì kọ́ igi máńgòrò, ẹ̀kẹta wó lé àwọn onílù lórí. Mo ṣí agboòrùn 3,500 mi. Afẹ́fẹ́ yí i padà, ó di abọ́, ó ń gba omi jọ fún mi. Gbogbo èrò sáré wọ inú ilé tuntun náà, olóyè àti ọmọ ọ̀dọ̀, àlejò àti àgbò, nítorí òjò ní í pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Kò sì pẹ́ tí a wọlé tí ìjì ká páànù mẹ́ta kúrò lórí wa, tí gbogbo wa tún rí ojú ọ̀run bí ẹni pé a kò tíì rí i tó. Ìṣílé ni a wá ṣe, ìjì sì bá wa ṣí i. Láàárín fífún-mọ́ra náà, ẹ̀yìn Bàbá Ṣábẹ ni èrò tì mí mọ́, aró agbádá mi sì ń ṣàn wọ inú léèsì funfun rẹ̀ lọ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti èjìká dé ìbàdí. Mo rí i. Mo fẹ́ sún sẹ́yìn, àgbò kò jẹ́.

Ibẹ̀ ni Mẹ́tìrì ti bi mí, láti ẹnu Ìyá Kétu, ohun tí mo gbọ́ gan-an lẹ́nu asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo sọ ọ́. Bàbá náà pa ojú dé. Ó ní éclaircies ni ìgbà tí awọ̀sánmà bá là, tí oòrùn sì yọjú. Orage, tí kò ní n nínú, ni ìjì òjò oníàrá. Nígbà tí Ìyá Kétu túmọ̀ rẹ̀ tán, ó fi kún un láti inú ara rẹ̀ pé, “N kan ṣoṣo, àbúrò! N kan ṣoṣo ni ó jẹ léèsì bàbá yìí!” Ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi dàpọ̀ mọ́ omi òjò lójú rẹ̀, tí gbogbo ilé fi béèrè ohun tí ó dé, tí ó sì sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Faransé, ó sọ ọ́ ní Fọ̀n.

Bàbá Ṣábẹ hùwà àgbà. Ó ní òjò ọjọ́ ìṣílé, ìbùkún ni, òun dárí jì mí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó fi ìwé rán awakọ̀ takisí kan náà sí mi, lórí ewé ìwé ìkọ̀wé tèmi gan-an. Ó ti kọ iye owó páànù mẹ́ta àti léèsì sí ẹ̀yìn àsọtẹ́lẹ̀ mi. Mo ń san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọdé ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n kò pè mí ní Bàbá Olójò mọ́. Papa Orange ni wọ́n ń pè mí, ìyá mi sì ti gbọ́ orúkọ náà lórí ẹ̀rọ, ó bi mí bóyá oko ọsàn ni mo dá.

Ìyá Kétu nìkan ni ó ṣì ń bi mí ní ojú ọjọ́. Láràárọ̀, kí ó tó gbé atẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jáde, a kan ògiri pákó, a ní, “Àbúrò, báwo ni òní yóò ti rí?” Bí mo bá ní òjò yóò rọ̀, a sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ síta wọ̀ọ̀, bí mo bá ní oòrùn yóò ràn, a kó o wọlé, a fi tapólì bò ó, láti ìgbà tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀gẹ́ òun kò bu mọ́. Ó máa ń fún mi ní àwo láfún kan ní ọjọ́ Ẹtì fún iṣẹ́ yìí. Ní àná ó kan ògiri bí ìṣe rẹ̀, èmi náà sì ti pinnu láti yí padà, mo dáhùn pé, “Ìyá, n kò mọ̀.” Ó dákẹ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tí ó dúró pẹ̀lú atẹ lórí, tí ó gbé àgbọ̀n sókè, tí ó wo ojú ọ̀run títí. Lẹ́yìn náà ó pín ẹ̀gẹ́ náà sí méjì, ó sá ìlàjì síta, ó gbé ìlàjì wọlé.